Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wọ ṣọ́ọ̀bù yín lẹ́yìn sùkúù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé mo máa ń kó àwọn ọmọ bí ogún jọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí sùkúù bá ti jáde, níbí ní Abẹ́òkúta, à ń ṣe sáyẹ́ǹsì, kì í ṣe lesson o, kò sí ìdánwò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń da nótì kọ. Nígbà tí èmi náà wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, JETS Club la máa ń pè é, Junior Engineers, Technicians and Scientists, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi so wáyà mọ́ gílóòbù tó sì tàn, mi ò gbàgbé ọjọ́ yẹn títí dòní, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá fáwọn ọmọ yìí.

Owó ni mo kọ́kọ́ ń wá kiri. Mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ńlá kan, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo lọ lọ lọ ó sú mi, oṣù mẹ́ta gbáko, ìgbà tó yá wọ́n ní ọ̀gá tí lẹ́tà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ó dùn mí wọra torí mo ti ṣèlérí fáwọn ọmọ. Ọjọ́ tí mò ń tibẹ̀ bọ̀ gan-an ni táyà mi jò, mo bá yà sọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Lafẹ́nwá, ó ti túùbù bọ inú ọpọ́n omi, omi ń yọ pù-pù-pù níbi tó ti lu, mo dúró mò ń wò ó, mo ní háà, ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó rèé. Mo bi í pé ṣé àwọn ọmọ lè wá wo ohun tó ń ṣe yìí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ìyẹn náà le? Ẹ kó wọn máa bọ̀."

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ làwọn ọmọ ti rí géèjì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà, ó gbé pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ fún wọn, ọmọbìnrin kan fa á títí ó fọwọ́ kan ìdí ẹ̀ ó pariwo pé ó gbóná, kí ló dé tó fi gbóná? Afẹ́fẹ́ tá a bá fún pọ̀ máa ń gbóná, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló sọ fún un, ọwọ́ ara ẹ̀ ló sọ fún un. Ẹni tó ń ṣáájì bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà dá sí i, ó ní kí wọ́n dúró lókèèrè nítorí ásíìdì, ó wá ṣàlàyé pé yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì mọ́tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé 2 volts, òun ló fi di 12. Ọmọkùnrin kan tí kì í dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì ló kọ́kọ́ ṣe ìṣirò ẹ̀.

Àmọ́ Ìtòkú, ibi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ níbí ní Abẹ́òkúta, ni mo fẹ́ sọ gan-an. Ìyá kan tó ń rẹ àdìrẹ gbà wá sílé aró ẹ̀. Mama ní láyé àtijọ́ ewé ẹ̀lú àti omi eérú làwọn ìyá àwọn ń lò, wọ́n á sé e mọ́ inú ìkòkò fọ́jọ́ mélòó kan kó tó gbó, lóde òní ọ̀pọ̀ ló ń ra dye, wọ́n á fi kẹ́míkà méjì, costic tó máa ń jó ara àti hydros, pò ó (Mama ò jẹ́ kí ọmọ kankan sún mọ́ costic yẹn, ó tún wọ ìbọ̀wọ́). Ó ri aṣọ funfun bọ inú aró, ó fà á jáde, aṣọ náà jáde ó rí bí ewé tútù, àwọn ọmọ ní Mama kò dúdú o, Mama ní ẹ máa wò ó. Etí aṣọ ló kọ́kọ́ yí padà, ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lójú wa, ká tó ṣẹ́jú pẹ́ ó ti di aró. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè pé tí a bá ká a pọ̀ tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé ńkọ́? Inú mi dùn débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Mama ò ṣàlàyé kankan, ó ri òmíràn bọ̀ ọ́, ó ká a pọ̀ kíákíá ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nígbà tó tú u, ẹ̀yìn ti dúdú, inú ṣì wà ní àwọ̀ ewé. Nínú ìkòkò, aró ti yòrò mọ́ omi ni, afẹ́fẹ́ ló ń dá a padà sí dúdú, ìgbà yẹn ni kò tún lè yòrò mọ́, òun ló fi ń dúró lára aṣọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe, ẹ má da sípíkà tó bàjẹ́ nù, òòfà wà nínú ẹ̀, mọ́tò kékeré inú DVD náà ń yí dáadáa tẹ́ ẹ bá fi bátìrì kàn án. Bátìrì fóònù tó ti wú nìkan ni kẹ́ ẹ má kó fọ́mọ, iná lè sọ lára ẹ̀. Káfíńtà, àjẹkù pákó yín níye lórí gan-an lójú wa. Oní-bíkárì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wo bí yíìsì ṣe ń mú ìyẹ̀fun wú, ẹni tó ń ṣe pure water, ẹ fi fílítà yín hàn wọ́n. Wákàtí kan péré lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní bí aago mẹ́ta tí kọsitọ́mà ò pọ̀. Ẹ lọ bá ọ̀gá sùkúù tó sún mọ́ yín, tíṣà á tẹ̀ lé wọn, àwọn òbí á ti fọwọ́ sí ìwé, ẹ má sì rò pé ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ òyìnbó kẹ́ ẹ tó lè kọ́ wọn, Yorùbá ni Mama fi kọ́ wa látòkèdélẹ̀.

Mama ti ní ká mú aṣọ funfun tiwa wá Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ tó béèrè ìbéèrè ọjọ́sí ní aṣọ méjì lòun máa mú wá, ọ̀kan lòun fẹ́ fi ọ̀rá dì kí afẹ́fẹ́ má kàn án títí òun á fi délé.