Lẹ́tà 11, òǹtẹ̀ 9: bí ọdún 2025 ṣe lọ fún mi

Fáìlì aláwọ̀ ewé kan wà lórí tábìlì mi níhìn-ín, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Rọ́bà tí mo fi dè é ti já lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí. Lẹ́tà 11 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni mo kọ sí ọ́fíìsì ìjọba lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní FOI. Mẹ́sàn-án ló ní òǹtẹ̀ pé wọ́n gbà á. Mẹ́rin mú ìwé wálé. Mẹ́ta gba "rárá" tí ẹnìkan buwọ́ lù. Mẹ́rin tó kù, mò ń wò wọ́n, àwọn náà ń wò mí.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi mí níbi àríyá pé "ṣé o ò tíì parí ìwé yẹn ni?", ẹ̀yin ni mò ń dá lóhùn.

Kànga ẹ̀rọ tí ìjọba gbẹ́ fún ará àdúgbò ni mò ń ṣèwádìí lé lórí fún oyè ọ̀mọ̀wé, ní Erékùṣù Èkó àti láti Yaba títí dé Ìddó. Ta ló gbé iṣẹ́ fún ta? Èló? Ìgbà wo ni omi jáde níbẹ̀ kẹ́yìn? Ọ̀rọ̀ omi ní Èkó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ nítorí owó omi tí ìjọba òyìnbó fẹ́ máa gbà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Epétèdó ni ìyá tó bí ìyá mi dàgbà sí. Ó máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń fi òkúta tò sórí ìlà nídìí ẹ̀rọ omi láti ìdájí, kí ẹni tó ni òkúta lè padà lọ sùn díẹ̀ sí i. Mẹ́ruwà ló ń pọnmi fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lónìí.

Lọ́dún tó kọjá, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni mo gbójú lé. Mo ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Wọ́n á fún mi ní àga, wọ́n á fún mi ní píọ̀ wọ́tà (ọ̀rọ̀ kànga ni mo bá wá o), wọ́n á ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo padà lọ títí tí bàbá ẹnu géètì kan fi ń pè mí ní "ìyàwó ọ́fíìsì". Lóṣù Kìíní, ọ̀gá mi tó ń darí ìwádìí náà wo ìwé àkọsílẹ̀ mi, ó ní, "Gbogbo ohun tó wà níbí ni 'wọ́n ní', 'wọ́n ní'. Ṣé o mọ̀ pé òfin wà?"

Mo mọ̀ pé ó wà, àmọ́ òfin àwọn oníròyìn ni mo kà á sí. Láti 1999 ni wọ́n ti ń gbé àbá rẹ̀ kiri ní ilé aṣòfin. Ọbásanjọ́ kọ̀ láti buwọ́ lù ú ní 2007, Goodluck Jonathan ló wá buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 28 oṣù Kárùn-ún, 2011. Nígbà tí mo jókòó kà á ni mo rí i pé ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, àti pé abala kìíní gan-an sọ ọ́ pé ẹni tó ń bèèrè kò ní láti ṣàlàyé ohun tó kàn án nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì ní láti fi dáhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn lé e. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni òfin ti àwọn ará Britain fún ọ́fíìsì tiwọn. Tiwa yá ju tiwọn lọ, lórí ìwé.

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń ka lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ kànga ẹ̀rọ ní agbègbè yín kò fi ṣiṣẹ́." Wọ́n dáhùn o, láàárín ọjọ́ márùn-ún pàápàá. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀, oríkì ìjọba láti òkè délẹ̀, ó sì parí sórí pé àwọn ará àdúgbò ni kì í tọ́jú nǹkan. Mi ò lè bínú sí wọn. Àlàyé ni mo bèèrè, àlàyé ni wọ́n fún mi.

Bàbá kan ló là mí lójú. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rẹ́jísírì ìjọba, ilé kejì sí tiwa ló ń gbé. Mo gbé èsì náà lọ hàn án ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o lọ ń bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀! Má bi wọ́n ní nǹkan kan. Fáìlì ni kó o bèèrè." Ó já kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá lára ògiri, ó dojú rẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báírò pupa: lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún kọ́ńtírátọ̀, BOQ (ìwé tó to iṣẹ́ àti iye owó rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ), vọ́ọ́sà (ìwé ìsanwó), sáfítíkéètì pé iṣẹ́ parí, rẹ́jísítà dúkìá. "Kò sí kọ́bọ̀ tó jáde níbẹ̀ láìsí vọ́ọ́sà. Bí owó bá jẹ́ irọ́, vọ́ọ́sà ò ní ṣàìsí." Kàlẹ́ńdà yẹn ni ohun èlò ìwádìí tó wúlò jù fún mi lọ́dún yìí. Àwòrán pásítọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ wà lójú rẹ̀ kejì.

Láti ìgbà náà, lẹ́tà mi kò bèèrè "kí ló dé" mọ́. Ẹ̀dà ìwé báyìí báyìí ni mo ń bèèrè, láti ọdún báyìí dé ọdún báyìí.

Ìṣòro mìíràn ni pé ìjọba ìbílẹ̀ ló gbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn kànga wọ̀nyí. Lóṣù Kejì, ọ̀kan nínú wọn dá mi lóhùn pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni FOI, kò kan àwọn. Kò purọ́ pátápátá: Kọ́ọ̀tù Kòtẹ́milọ́rùn ní Benin ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, ti Àkúrẹ́ sì ti sọ òdìkejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún yìí, tí Kọ́ọ̀tù Gíga Jùlọ dájọ́ lórí ẹjọ́ tó wá láti ìpínlẹ̀ Edo, pé òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀. Nígbà tí mo rí ìròyìn náà lórí fóònù, inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà ní Yaba, mo sì pariwo débi pé oníkẹ̀kẹ́ dúró, ó rò pé mo ti kọjá ibi tí mò ń lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìdájọ́ yẹn há ẹ̀yìn lẹ́tà gbogbo. Wọn ò sọ pé òfin ò kan àwọn mọ́. Lóṣù Karùn-ún àti Kẹfà, wọ́n ní ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, ó wá di pé alága tuntun kò tíì mọ ibi tí fáìlì wà. Lóṣù Kẹwàá, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ti lọ fún ìsinmi.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè yìí, mo gbọ́ ọ tó ìgbà ogún. Òfin ní mi ò ní láti dáhùn, àmọ́ ọmọ Yorùbá wo ló máa dúró síwájú ìyá tó tó ìyá rẹ̀ bí, tí á ní "Ẹ ò ní ẹ̀tọ́ láti bi mí, mà"? Mo máa ń sọ pé iṣẹ́ ilé ìwé ni. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwà ìwádìí wò náà da ọ̀rọ̀ yìí bò mí mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: bí o kò bá sọ pé olùwádìí ni ọ́, ṣé o ò tan òṣìṣẹ́ jẹ? Lójú tèmi, ìwé ará ìlú kì í di ohun àṣírí nítorí ẹni tó ń bèèrè rẹ̀. Síbẹ̀ mo gbà láti máa kọ orúkọ ẹ̀ka mi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ohun tí mo wá kíyè sí ni pé méjì tí mo tẹ̀ sórí ìwé tó ní àkọlé ẹ̀ka wa padà wá pé kí olórí ẹ̀ka fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Èyí tí mo kọ sórí ìwé funfun lásán, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. (Ẹ jẹ́ kí n bù yín lẹ́rìn-ín díẹ̀: abala 17 òfin yìí kan náà gba ilé ẹ̀kọ́ ìjọba láyè láti má fi ìwé ìwádìí tí olùkọ́ kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá bèèrè.)

Nínú mẹ́rin tó mú ìwé wálé, ọ̀kan wà tí mi ò mọ bí mo ṣe máa kà á. Akọ̀wé kan ní owó tí wọ́n á fi wá fáìlì ni N5,000. Òfin kò mọ owó wíwá fáìlì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì san án. Oòrùn ọ̀sán mú, ìgbà kẹfà tí mo máa wá nìyẹn. Ìwé náà péye, ó mọ́ tónítóní, kò sì ní wọ inú iṣẹ́ mi, nítorí mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé abẹ́ FOI ni mo ti rí i. Nítorí náà, ẹ kà á sí mẹ́ta àti ìtìjú kan.

Àmọ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, àh. Ojú ìwé 19, ẹ̀dà ẹ̀dà ni, tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti fi pínnì há a hàn gẹ́gẹ́ bí àmì dúdú. Àkọlé, iye owó, òpópónà, àti ìlà tó kẹ́yìn: "ó ti parí". Mo mú un dání, mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Òyìngbò lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta, mò ń fi báírò fa ìlà. Ibì kan tí ìwé ní ó ti parí, pèpéle kọnkéré ni mo bá. Bóòtù irin mẹ́rin yọrí jáde nínú rẹ̀, èyí tó yẹ kó di ẹsẹ̀ táńkì mú. Ìyá kan tó ń ta ata so okùn agboòrùn rẹ̀ mọ́ ọ̀kan, ó tò tòmátì yí àwọn mẹ́ta yòókù ká. Mo kí i, mo ra ata rodo, mo wá bi í pé ìgbà wo ni wọ́n gbé táńkì lọ. Ó wò mí bíi pé orí mi ti yí. "Táńkì wo, Aunty? Wọ́n mọ kọnkéré yìí, wọ́n ní omi ń bọ̀. Mo ti bímọ méjì látìgbà náà, ọ̀kan ti wọ ilé ìwé." Ó ní ọ̀gá tó wá ya fọ́tò kọnkéré náà nígbà yẹn ra ata lọ́wọ́ òun náà.

Oṣù méjìlá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mi lọ́dún tó kọjá kò fún mi ní nǹkan tó dà bí ìlà kan ṣoṣo yẹn pẹ̀lú ìyá yẹn. Bẹ́ẹ̀, bí mi ò bá ní ìwé lọ́wọ́, mi ò bá kọjá níwájú pèpéle náà, mi ò bá sì ra ata mi lọ. Nọ́ńbà fóònù àwọn ẹni tó ń ṣọ́ kànga wà nínú ìwé náà. Ó yẹ kí ọ́fíìsì ti pa wọ́n rẹ́. Èmi ni mo jókòó fi máákà dúdú pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn "rárá" mẹ́ta náà kò ṣòfò. Mo ti bẹ̀rẹ̀ orí kan lórí wọn. Ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè ni iye tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tó ń fa omi.

Èyí tó gba oorun lójú mi bí mo ṣe ń kọ èyí ni lẹ́tà kọkànlá. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, ni mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan ní Erékùṣù. Ìyá tó wà ní rẹ́jísírì gbé òǹtẹ̀, yíǹkì ti gbẹ, ó mí sí i lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń nu gíláàsì, ó wá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo wò ó: ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ló tẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, "Mà, ọjọ́ Ẹtì nìyí o." Ó ní ẹni tó máa ń yí déètì kò tíì dé. "Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn, ọmọ mi." Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo lọ.

Wọn ò dáhùn. Òfin fún mi ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ̀ láti gba kọ́ọ̀tù lọ. Mo ka tèmi láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, ọjọ́ 7 ti èsì kọ́kọ́, kí ọgbọ̀n tó tẹ̀lé e, ó bọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù Kìíní. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà. Ó ní kí n ya fọ́tò òǹtẹ̀ náà ránṣẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Òǹtẹ̀ ni adájọ́ máa rí, kò sí níbẹ̀ nígbà tó o wọlé." Tí a bá kà á láti ọjọ́ 28, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ló pé, ọjọ́ Àìkú sì ni. Ó ní ká má fi ṣeré, ká ti fi ìwé sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù Ìkòyí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 2, bí rẹ́jísírì wọn bá ṣí.

Mo ní, "Bùọ̀dá mi, kí ló dé tí a ò kúkú lọ ní ọ̀la?"

Ó ní ewúrẹ́ ọdún ń dúró de òun ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun á sì ti dé ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, bí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ò bá dá òun dúró sí Ṣàgámù.