Ẹ yẹ ìdí kọ́ńgò yín wò kí ẹ tó wọn jíìnì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ láàbù, oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣòfò kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí. Mi ò fẹ́ kó jẹ ẹ̀yin náà lóṣù mẹ́rin.

Iṣẹ́ mi ni láti wo àwọn jíìnì, ìyẹn àwọn ìtọ́ni tí a jogún lọ́dọ̀ òbí, tó ń ṣiṣẹ́ nínú kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn fún ìgbà pípẹ́. Ìwé jíìnì kan náà ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín àti sẹ́ẹ̀lì ojú. Èyí tí wọ́n tàn àti èyí tí wọ́n pa ló mú wọn yàtọ̀. Bí jíìnì bá tàn, RNA rẹ̀, ìyẹn àdàkọ tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti ara jíìnì náà, á pọ̀. RNA yìí ni mo ń wọ̀n.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ bá ń fìyà jẹ kíndìnrín, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ a máa tú TGF-β jáde, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. TGF-β á rán SMAD3, ìránṣẹ́ kan nínú sẹ́ẹ̀lì, lọ sára DNA níbi tí àwọn jíìnì wà, kó lọ tan jíìnì kọ́lájìn, èròjà bí okùn tó ń di ara pọ̀. Kọ́lájìn dára bí ọgbẹ́ bá fẹ́ jinná, ṣùgbọ́n nínú kíndìnrín yìí, kì í dáwọ́ dúró. Mo ti wo ègé kíndìnrín kan lábẹ́ maikirosíkópù, èyí tí wọ́n ti pa láró kí kọ́lájìn lè yọ ní búlúù. Àwọn ọ̀pá tíntìntín tí ìtọ̀ ń gbà kọjá, tó yẹ kó fara kan ara wọn, ti jìnnà síra, búlúù ti gba gbogbo àárín wọn, bí àdìrẹ tí aró ti mu funfun rẹ̀ tán.

Ohun tí mo fojú rí nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí mo wọn RNA kọ́lájìn nínú irú ègé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ní kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ti kíndìnrín tó yá lọ. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe. Mo dá iná tó ń lọ lẹ́bi, mo dá fírísà lẹ́bi.

Ní Sátidé kan, mo lọ ra ẹ̀wà ní Bódìjà. Ìyá kan tó wà níwájú mi gba kọ́ńgò lọ́wọ́ ẹlẹ́wà, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀. Wọ́n ti lù ú wọnú. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́, ọkàn mi ti padà sí láàbù.

Jíìnì kan tó ń jẹ́ GAPDH ni òṣùwọ̀n tí mo bá nílẹ̀. A gbà pé kì í yí padà, òun la sì ń fi jíìnì yòókù wé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kíndìnrín tó ti dápàá kì í rí ọ́síjìn tó, àìtó ọ́síjìn sì máa ń mú GAPDH lọ sókè. Òṣùwọ̀n mi ń ga, ohun tí mo ń wọ̀n ń ga, mo wá ń kà á sí pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo dán jíìnì òṣùwọ̀n mẹ́fà wò lára àwọn ègé tèmi gan-an, mo mú méjì tí kò yẹ̀. Kọ́lájìn yọ síta. Ẹ má gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìyẹ̀ ẹ́ wò, kódà lọ́wọ́ tèmi.

Èyí tó kù yìí dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí mo ti lọ gba ìtọ̀ àwọn aláìsàn fún ìwádìí, ìyá kan tó mú ọmọ rẹ̀ wá bi mí pé ṣé ìdílé àwọn ló fa àìsàn kíndìnrín ọmọ náà. Mo ní ó ṣeé ṣe kí jíìnì wà níbẹ̀, mo sì ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ike mi lọ. Ó ní, “Àbí èmi ni mo gbé e fún un?” Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ọdún 2010 ni wọ́n rí ẹ̀dà jíìnì APOL1 méjì, G1 àti G2, tó ń fi kíndìnrín sínú ewu. Wọ́n wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa Yorùbá, torí àwọn ẹ̀dà yìí ń fi kún bí APOL1 ṣe ń gbèjà ènìyàn lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Nínú ìwádìí kan tó kó àwọn ènìyàn tó lé ní 8,000 jọ ní Gánà àti Nàìjíríà, bí i mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló jogún ẹ̀dà eléwu lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá. Ẹyọ kan ṣoṣo pàápàá ń fi kún ewu. Síbẹ̀, kíndìnrín ọ̀pọ̀ àwọn tó ní méjèèjì kò bàjẹ́ láéláé. Jíìnì náà wà nílé, kò kàn tíì tàn dé ibi tó ń ṣèpalára ni. Bí fáírọ́ọ̀sì bí i HIV bá wọlé, ara á tú interferon jáde, èròjà tí ara fi ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, interferon á tan APOL1 gidigidi, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó di asẹ́ kíndìnrín mú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Mi ò tíì rí ìyá náà mọ́. Bó bá tún yà wá nígbà tí mi ò sí níbẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé: “Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ ò ṣẹ̀. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé jíìnì wà níbẹ̀, òun nìkan kọ́ ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ wá, ká yẹ ìtọ̀ wọn wò, ká wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru.”