Yíyan ilẹ̀ iléeṣẹ́ àti olùpèsè pẹ̀lú fuzzy: ibi tó ti wúlò, ibi tó ti ń ṣini lọ́nà

Tí ẹ bá bi àwọn mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ bóyá olùpèsè kan máa ń kó ọjà dé lásìkò, ọ̀kan á ní "ó ń gbìyànjú", èkejì á ní "ó dáa", ẹ̀kẹta á ní "kò lẹ́gbẹ́". Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú wọn. Ìgbà tí a bá fipá sọ "ó dáa" di 9 géérégé, tí a sì ń fi 9 yẹn ṣírò bí ẹni pé orí òṣùwọ̀n la ti kà á, ni ọ̀rọ̀ ń bàjẹ́. Fuzzy, èrò tí ọ̀jọ̀gbọ́n Lotfi Zadeh gbé kalẹ̀ lọ́dún 1965, ló yanjú èyí: nǹkan lè wà nínú ẹgbẹ́ kan dé ààyè kan, láti 0 títí dé 1, kò pọn dandan kó jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ pátápátá tàbí kò sí níbẹ̀ rárá.

TOPSIS ni ọ̀nà ìṣírò tó ń to àwọn tí a fẹ́ yàn léra nípa bí kálukú ṣe sún mọ́ ibi tó dáa jù, tó sì jìnnà sí ibi tó burú jù. Nínú fuzzy TOPSIS, bí olùwádìí Chen ṣe tò ó lọ́dún 2000, ọ̀rọ̀ ẹnu kọ̀ọ̀kan á di nọ́ńbà mẹ́ta: èyí tó kéré jù tó lè jẹ́, èyí tó ṣeé ṣe jù, àti èyí tó pọ̀ jù. "Ó ń gbìyànjú" á di (5, 7, 9), "ó dáa" á di (7, 9, 10), "kò lẹ́gbẹ́" á di (9, 10, 10). Bí a bá pín èrò àwọn mẹ́ta náà dọ́gba, ohun tó máa jáde ni (7, 8.67, 9.67). Àwọn kan máa ń mú èyí tó kéré jù lọ́wọ́ òsì àti èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ọ̀tún, ìyẹn (5, 8.67, 10). Èmi ò fara mọ́ ọn, torí ẹnì kan ṣoṣo tó bá sọ̀rọ̀ àsọdùn á fa nọ́ńbà gbogbo ìgbìmọ̀ gùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu rọ́pò ohun tó ṣeé wọ̀n. Bí ilẹ̀ kan bá jìnnà sí èbúté ní kìlómítà 42, ẹ kọ (42, 42, 42), ẹ má kọ "ó jìnnà díẹ̀". Àwọn ohun tí kò sí òṣùwọ̀n fún ni ọ̀rọ̀ wà fún: bí olùpèsè ṣe ń dáhùn nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, bí àwọn ará àdúgbò á ṣe gba iléeṣẹ́ náà.

Ohun kan tún wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìṣírò. TOPSIS máa ń jẹ́ kí ire bo ibi mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí omi ń yalé rẹ̀ lọ́dọọdún lè gba ipò kìíní torí pé owó rẹ̀ kéré, ọ̀nà rẹ̀ sì dáa. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo èyí tí kò ṣeé gbà: ilẹ̀ tí òfin ò fọwọ́ sí iléeṣẹ́ lórí rẹ̀, ilẹ̀ tí omi tàbí iná mànàmáná ò ní tó, olùpèsè tí agbára rẹ̀ ò lè pèsè iye tí ẹ ń lò lóṣù.

Owó ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà jù nínú ìṣírò. Ká ní iye tí olùpèsè A máa gbà wà láàárín (40, 45, 50), tí ti B sì wà láàárín (50, 60, 80). Owó tó kéré ló dáa, nítorí náà 40 tó kéré jù lọ la máa fi ṣe òkè, a ó sì yí ẹ̀yìn nọ́ńbà síwájú: A á di (40/50, 40/45, 40/40), ìyẹn (0.80, 0.89, 1.00), B á di (0.50, 0.67, 0.80). Ẹni tó bá gbàgbé láti yí i á gbé ẹni tó wọ́n jù sí ipò iwájú. Tí nọ́ńbà kan bá sì jẹ́ 0, ìṣírò á dákú, torí kò sí bí a ṣe lè fi 0 pín nǹkan.

Bí ìwúwo owó, ìyẹn bí owó ṣe jọ wá lójú tó, bá jẹ́ "ó ṣe pàtàkì", (0.7, 0.9, 1.0), a ó fi sọ nọ́ńbà àwọn méjèèjì di púpọ̀: A á di (0.56, 0.80, 1.00), B á di (0.35, 0.60, 0.80). Lẹ́yìn èyí la ó wọn bí kálukú ṣe jìnnà sí (1, 1, 1), tó jẹ́ ibi tó dáa jù, àti sí (0, 0, 0), tó jẹ́ ibi tó burú jù. Olùpèsè A jìnnà sí ibi tó dáa jù ní 0.279, ó jìnnà sí ibi tó burú jù ní 0.807. Ti B jẹ́ 0.456 àti 0.612. Bí òṣùwọ̀n, ìyẹn àwọn ohun tí ẹ fi ń ṣe ìdájọ́ bí owó, bá pọ̀, ẹ ro gbogbo jíjìnnà wọn pọ̀, kí ẹ tó fi àpapọ̀ méjèèjì pín ti ibi tó burú jù. Lórí owó nìkan, máàkì A jẹ́ 0.743, ti B jẹ́ 0.573.

Ẹ má bẹ̀rù bí máàkì gbogbo wọn bá kéré. Òṣùwọ̀n tí ìwúwo rẹ̀ kéré máa ń jìnnà sí (1, 1, 1) fún gbogbo wọn, á sì sún máàkì wọn mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba òṣùwọ̀n wẹ́wẹ́ mẹ́rìndínlógún. Bákan náà, "jíjìnnà sí èbúté", "owó ọkọ̀" àti "ọjọ́ tí ẹrù ń lò lójú ọ̀nà" jọ máa ń jẹ́ ohun kan náà tí a kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Tó bá jẹ́ AHP, ọ̀nà tí a fi ń bi èèyàn èwo ló ṣe pàtàkì jù nínú òṣùwọ̀n méjì-méjì, lẹ fẹ́ fi wá ìwúwo, òṣùwọ̀n márùn-ún máa ń mú ìbéèrè 10 wá, mẹ́wàá á mú 45 wá. Ó ti máa ń rẹ àwọn èèyàn kí wọ́n tó dé ìdajì, ìdáhùn wọn á sì máa tako ara wọn. Bí ìdiwọ̀n ìtakora náà bá ju 0.10 lọ, ẹ padà lọ bi wọ́n. Tó bá jẹ́ AHP oní-fuzzy, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀nà tí olùwádìí Chang kọ lọ́dún 1996, ó lè fún òṣùwọ̀n tí gbogbo yín gbà pé ó ṣe pàtàkì ní 0. Ọ̀nà olùwádìí Buckley ti 1985 kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí èsì bá jáde, ẹ mì í wò. Ẹ gbé ìwúwo òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan sókè ní ìpele kan, kí ẹ sì tún sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìpele kan. Òṣùwọ̀n mẹ́fà á jẹ́ ìṣírò 12. Ẹ tún yọ ẹni tó gbẹ̀yìn kúrò, kí ẹ wo bóyá àwọn tó kù á pààrọ̀ ipò, torí ó lè ṣẹlẹ̀: tí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù bá jáde, 40 yẹn náà á yí padà. Ohun tó ń dín èyí kù ni kí ẹ ti fi ẹnu kò lórí iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù kí ẹnikẹ́ni tó fi iye rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹni méjì bá sì wà ní 0.61 àti 0.60, tí ipò wọn ń yí padà nígbàkigbà tí ẹ bá mì í, ìṣírò ò tíì yan ẹnikẹ́ni. Olùpèsè méjì lè pín iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ ò ṣeé pín bẹ́ẹ̀; ẹ rán àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò lọ gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀ ẹnu tó wà nínú tábìlì yín, kí ẹ tún un ṣírò.