Gígé Kò Pẹ́, Ìjókòó Ló Pẹ́

Àǹtí mi kan ní Tánkè gbọ́ pé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi wà ní ọsibítù nítorí kókó kékeré ẹ̀gbẹ́ imú mi. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ìlú òyìnbó náà nìyẹn? Mo ṣe bí iná ni wọ́n kàn ń tàn sí i." Ẹbí ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín títí di òní.

Àfín ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oòrùn Ìlọrin nínú oṣù Ẹrẹ́nà mọ ohun tó fojú mi rí nígbà tí wọ́n ń tò wá sórí ìlà nílé-ìwé láìdé fìlà. Ìlú Ọba ni mo ti wá ń san gbèsè rẹ̀.

Oríṣi jẹjẹrẹ awọ tó mú mi kì í sáré, nítorí náà kò sẹ́ni tó sáré nítorí rẹ̀. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀, oṣù ń gorí oṣù. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kí ojú ibẹ̀ lè kú. Mo lajú sílẹ̀, mò ń gbọ́ bí dókítà àti nọ́ọ̀sì ṣe ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Gígé náà kò pẹ́ tó kéèyàn sun àgbàdo kan jinná. Àyẹ̀wò ló pẹ́. Ọgbọ́n tí dókítà Frederic Mohs gbé kalẹ̀ ní Wisconsin, Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 1930 ni wọ́n ń lò: wọn á bó ìpele tín-ínrín kan, ó di láàbù, wọn á jẹ́ kó dì gbagidi, wọn á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọn á pa á láró, wọn á fi maikirosikóòpù wo gbogbo etí rẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí kan. Bí jẹjẹrẹ bá ṣẹ́ kù sí igun kan, igun yẹn nìkan ni wọn á tún gé. Nínú 100 tí wọ́n bá kọ́kọ́ gé fún báyìí, nǹkan bí 99 ni kì í tún padà sí lára.

Àárín ìpè kan sí èkejì ni ìyà wà. Wọ́n di imú mi, wọ́n ní kí n lọ jókòó. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó di etí, ìyá kan di iwájú orí. Kálukú ń ka ìwé ìròyìn tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní "ẹ pẹ̀lẹ́". Nọ́ọ̀sì bi mí ta ni yóò wá gbé mi, mo ní ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀. Irọ́ ni. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ lọ sílé, tèmi ti bándéèjì, ẹnikẹ́ni kò sì wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní Ìlọrin ni, àwọn Alhaja ìdílé wa ìbá ti kún kọ́ridọ̀ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ, àfáà á máa ṣàdúà, ẹnìkan á sì ti gbé àgbo dé, kó máa bi mí ta ló ní kí n jẹ́ kí wọ́n gé mi.

Àmọ́ ta ni nínú wọn ni yóò san owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí? Àwọn àfín tí a jọ dàgbà, ìgbà tí egbò ti ń rùn ni wọ́n tó gbé ẹlòmíì lọ sí ọsibítù. Ẹ má sì sọ pé ọ̀fẹ́ ni tibí: láti 2024, pọ́n-ùn 1,035 lọ́dún ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń gba físà láti wá gbé ibí ń san fún ìlera nìkan, kó tó ṣàìsàn rárá.

Àǹtí ní kí n máa bọ̀ nílé, ìdáwà ò dáa. Òótọ́ ni. Mo ń bọ̀ wá ṣọdún Iléyá, kí wọ́n wá ibòòji fún mi ní yídì. Ti pé kí n kó ẹrù wálé, kí Àǹtí kọ́kọ́ bá mi wá láàbù tí yóò dá èsì padà kí ojú ibi tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ tó jí.