Agogo Mẹ́rìndínlógún

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, bàbá ọmọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n tí mo bá bi ọmọ mi pé kí ló kọ́ nílé-ìwé, agogo ni, ewédú ni, orin ni. Ìṣirò ńkọ́?" Mi ò bínú rárá. A kì í ṣa owó ilé-ìwé nílẹ̀. Ẹni tó bá san án ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Mo ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí wọ́n máa wò.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 3 sí 6 ní ilé-ìwé Montessori kékeré kan n'Íbàdàn, irú ilé-ìwé tí ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan láti kọ́ ẹ̀kọ́. Nínú ìwé tí à ń fún àwọn òbí, orin, ọgbà, iṣẹ́ ọnà àti èdè Yorùbá wà lábẹ́ àkọlé kan: "Àfikún". Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dùn mí.

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 4 kan ló wà nídìí agogo lọ́jọ́ náà. Agogo orin tí a fi ń kọ́ etí láti dá ohùn mọ̀ ni. Tiwa jẹ́ 16, ọ̀wọ́ méjì tí ohùn wọn bára mu. Ọ̀wọ́ kan dúró lórí ìdí funfun, èkejì lórí ìdí igi tí a ò kùn lọ́dà. (Ọ̀wọ́ kan tó bá pé yẹ kó jẹ́ 13, nítorí àwọn ohùn àárín tí wọ́n máa ń gbé sórí ìdí dúdú, ṣùgbọ́n 8-8 ni agbára wa gbé.) Agogo fúnra wọn, bákan náà ni gbogbo wọn rí, wọn kò ju ara wọn lọ. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ìkejì èyí, àfi kó fi etí wá a.

Ọmọ náà fi òòlù kékeré kan agogo funfun kan, ó sì tẹ́tí sí i títí ìró rẹ̀ fi kú. Ó gbé agogo onígi kan. Ọrùn ìdí rẹ̀ ló dì mú, kò fọwọ́ kan irin, nítorí ó ti mọ̀ pé ọwọ́ a máa pa ohùn. Ó lù ú, ó mi orí, ó dá a padà, ó mú òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ó lu èyí, ó lu tọ̀hún, ó tún padà lu èyí, ojú rẹ̀ bá là. Ó rọra tì wọ́n sún mọ́ra. Kò wojú mi rárá. Kí ló fẹ́ fi mí ṣe? Etí rẹ̀ ti sọ fún un.

Nígbà tó kó wọn padà síbi tí wọ́n ń gbé, mo pè é, mo kùn sí i létí láì la ẹnu: re mí. Ó ní, "Igbá!" Mo kùn dò dò. "Ìgbà!" Bàbá rẹ̀, tí wọn ò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti jókòó, bá kùn re re láti orí àga wọn. Ọmọ yíjú padà. "Igba! Igba náírà!"

Dò, re, mí tí a fi ń kọ́ àmì ohùn, inú orin la ti mú un. Ọmọ tí etí rẹ̀ bá ti mọ ibi tí ohùn gbé ròkè àti ibi tó gbé sọ̀ kalẹ̀ kò ní í há àmì sórí; ohun tó gbọ́ ni yóò máa kọ. Dókítà oníṣègùn ni Maria Montessori tó dá ọ̀nà ìkọ́ni wa yìí sílẹ̀, ará Ítálì ni, kò gbọ́ Yorùbá. Anna Maria Maccheroni ló bá a ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ agogo yìí. Síbẹ̀, lójú tèmi, èdè wa ni iṣẹ́ wọn wúlò fún jù.

Àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ tí kò rí já jẹ ni Montessori fi bẹ̀rẹ̀, ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù, ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1909, ó kọ̀wé lórí kí ọmọ gbin nǹkan kó sì sin ẹran, ó tún kọ nípa kí wọ́n máa fi amọ̀ mọ ìkòkò.

Àpò ìrẹsì tó ti gbó ni ọgbà tiwa. Lákọ̀ọ́kọ́, a kàn da irúgbìn ewédú sílẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló hù. Ìyá mi ló sọ fún mi pé kí n dì í sínú aṣọ, kí n rì í bọ omi gbígbóná, kí n sì tètè yọ ọ́. Ó hù wìtìwìtì. Ọmọbìnrin kan ka ti àpò tirẹ̀ láàárọ̀: 11. Adìẹ aládùúgbò wọlé lọ́sàn-án. Ọmọ yìí tún lọ kà á, ó wá bá mi pẹ̀lú omijé lójú: "Àǹtí, ó ku 7. Adìẹ ti jẹ 4." Kò sẹ́ni tó ní kó yọ 4 kúrò nínú 11.

Nígbà tí mo wà ní pámárì, náírà 5 lowó ìtanràn ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì. Wọ́n ń kọ orúkọ wa sí pátákó. Mo rántí ọjọ́ tí mo lọ́ra láti tọrọ ààyè kí n lọ tọ̀, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, títí mo fi tọ̀ sára. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbà kí Yorùbá jẹ́ àfikún n'Íbàdàn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá ọ̀gá wa. Wọ́n ní táàmù tó ń bọ̀ làwọn máa tẹ ìwé tuntun, kí n kọ ohun tí mo fẹ́ wá. Mo ti kọ ọ́: orin, ọgbà, iṣẹ́ ọnà, Yorùbá, mo tò wọ́n mọ́ ìṣirò àti ìwé kíkà lórí ìlà kan náà, mi ò kọ àkọlé kankan sórí wọn.