Ohun tí ojú mi rí lórí ètò "Ìgbàkígbà"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí ọ́fíìsì àjùmọ̀lò, tàbí tẹ́ ẹ ti ṣí i tẹ́ ẹ ṣì ń ronú iye tẹ́ ẹ máa gbà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Yaba ni mo wà, kò jìnnà sí Sábó. Àga 22 ni mo ní, jẹnẹrétọ̀ kan, àti ínfátà kan tí bátìrì rẹ̀ ti ń darúgbó.

Ètò mẹ́ta ni mo kọ sára ògiri: ti ọjọ́ kan, ti ọ̀sẹ̀ kan, àti "Ìgbàkígbà". ₦35,000 lóṣù, ẹ wá nígbà tó bá wù yín, tọ̀sán tòru. Kò sẹ́ni tó wo méjì tó kù. Ènìyàn 41 ló san Ìgbàkígbà. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mi ò ṣírò ó. Mo ṣírò ó. Ẹnì kan tó ní gíìmù, ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá, ló kọ́ mi: ó ní ẹni ogójì á sanwó, mẹ́wàá péré lá máa yọjú. Òótọ́ ni, ní gíìmù.

Ará Yaba kì í sanwó fún mi nítorí àga. Iná ló ń rà. Bí iná bá wà nílé ẹ̀, ó lè má yọjú lọ́sẹ̀ méjì. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú un, gbogbo wọn á ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ yẹn gan-an lèmi náà ń jó díísù, tí lítà kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà lọ́dún 2024.

Ọjọ́ Tuesday, 15 oṣù kẹwàá 2024. Gíríìdì, ìyẹn okùn iná tó so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, ti wó lálẹ́ Monday, ó tún wó lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó sùn sọ́dọ̀ mi ti fa ínfátà gbẹ kílẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, mo ka orí 34. Wọ́n wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì. Bọ̀dá kan gbé áyọ́ọ̀nù wá láti ilé. Mo ní kó gbé e padà, ó ní, "Àǹtí, Ìgbàkígbà ni mo san o."

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún iṣẹ́, lórí láptọ́ọ̀pù. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Díísù ti tán. Fáànù ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró. Láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ò kú, íntánẹ́ẹ̀tì ló lọ. Ojú òyìnbó tó ń bi í ní ìbéèrè gan sójú kan, ẹnu ẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó, ó rọra pa láptọ́ọ̀pù dé. Kò sọ nǹkan kan sí mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀kadà ò sí, ìjọba ti lé wọn kúrò ní Mainland wa láti oṣù kẹfà 2022. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ rí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n wojú mi, wọ́n wa kẹ̀kẹ́ wọn lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín lọ rìn ín bọ̀.

Mo dá owó padà fáwọn tó bèèrè, mo pa Ìgbàkígbà rẹ́. Ní báyìí, ẹni 12 ló lè san ti oṣù, àga kálukú ní orúkọ. Àwọn yòókù ń ra káàdì ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n lè lò láàárín oṣù méjì. Alẹ́ ní owó tiẹ̀. Àwọn kan ní oníwọra ni mí. Ó dáa.

Ẹ̀kọ́ mi: ohun tẹ́ ẹ bá ń rà ní lítà-lítà, ẹ má tà á ní "bó bá ṣe wù yín". Ẹ ka àga kẹ́ ẹ tó ka owó. Ẹ ya alẹ́ sọ́tọ̀, torí lítà yẹn náà ni. Ẹni tó bá ní Band A lòun wà, ìyẹn ìpele àwọn tó yẹ kí iná wọn pẹ́ jù lójúmọ́, ẹ kú oríire, ṣùgbọ́n yúníìtì tí wọ́n gbé lọ sí ₦225 ní oṣù kẹrin 2024 kì í ṣe ọ̀fẹ́, gíríìdì tó bá sì ti wó ò mọ Band A yàtọ̀ sí Band kankan. Lítà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi lítà ṣírò.

Ọmọbìnrin yẹn ò padà wá mọ́. Kò bèèrè owó ẹ̀. Ọjọ́ 16 ló ṣẹ́ kù fún un nínú ìwé mi, mi ò sì tíì fa igi lé e.