Ọjọ́bọ̀: Tíṣà di ọmọ kíláàsì karùn-ún

Iléèwé ti gba ọlidé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ló gbà á. Ní Japan níbí, tíṣà á máa wá síbi iṣẹ́ bó ṣe ń wá tẹ́lẹ̀. Lónìí, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìlú wa kó àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jọ láti dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí àwa ALT, ìyẹn àwa àjèjì tá à ń ran tíṣà lọ́wọ́ nínú kíláàsì, náà wá. Ẹni tó bá rò pé ooru Ìbàdàn ló le jù láyé, kó wá wo Gunma tá a wà yìí lóṣù Keje.

Ní 2011 ni ìjọba sọ Gẹ̀ẹ́sì di dandan fún kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, eré àti orin, kò sí máàkì. Nígbà tó di 2020, wọ́n gbé eré yẹn fún kíláàsì kẹta àti ìkẹrin, wọ́n wá sọ ti karùn-ún àti ìkẹfà di sọ́bújẹ́ẹ̀tì gidi, ìgbà 70 lọ́dún, pẹ̀lú ìwé àti máàkì. Ta ló ń kọ́ wọn? Níbi púpọ̀, tíṣà kíláàsì náà ni, ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tó ń bá wọn jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ wọn ò kọ́ṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rí. Ìwádìí ìjọba ní 2022 sì rí i pé wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 45 ni tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò lẹ́nu iṣẹ́ lójúmọ́. Orí ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ń di ẹrù lé.

Màmá kan wà níbẹ̀ tó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní kí wọ́n bọ́ síwájú, kí àwọn tó kù ṣe ọmọ kíláàsì karùn-ún. Gbogbo kíláàsì dìde, wọ́n tẹríba, wọ́n jókòó. Màmá fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ àwòrán ìrẹsì, búrẹ́dì, ẹyin àti mílíìkì mọ́ pátákó. Bébà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti fi katakana, ìyẹn lẹ́tà àwọn ará Japan, kọ bí wọ́n ṣe máa pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀. Wọ́n kà á: “What do you want for breakfast?”

Tíṣà ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe bí ọmọ alágídí dáhùn pé, “Beer!”

Ẹ̀rín sọ. Màmá gbàgbé bébà, wọ́n nàka sí i: “No! You ten years old! Milk!”

“Please!”

“No please!”

Lójú tèmi, ìgbà yẹn gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní “You are” ló yẹ kí wọ́n sọ. Òótọ́ ni, àmọ́ ṣe ni màmá tún kojú sí bébà. Inú bí mi díẹ̀. Ọmọ tó bá rí tíṣà rẹ̀, ẹni tó gbà pé ó mọ gbogbo nǹkan, tó ń fi èdè tí kò tíì yé e tán bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìtijú, ohun tó máa kọ́ níbẹ̀, èmi tí mò ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ò lè fún un.

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n bi mí pé ìgbà wo la ń bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà. Mo ní láti kékeré ni, pé níléèwé tèmi, ẹni tó bá sọ Yorùbá máa jẹgba. Mo wá sọ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa fún wọn: pé láti 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ẹ̀kọ́ iléèwé fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan tó ní tíṣà tirẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní àwọn kan ṣèwádìí bóyá omi ń pa òùngbẹ. Èdè wo lèèyàn tún fẹ́ fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò? Ìlara ṣe mí. Wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn pẹ́ kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí Fafunwa sì ń jà fún ti wà lọ́wọ́ wọn látilẹ̀.

Nígbà tá à ń tú ká, màmá yẹn pè mí. “Bọ́lá-sensei (ìyẹn Tíṣà Bọ́lá), ẹ jọ̀ọ́, tá a bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ṣé ẹ lè máa bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀?” Ó yẹ kó rọrùn. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kan ló gbà mí síṣẹ́, òun ló ní àdéhùn pẹ̀lú ìlú, àdéhùn náà sì ní tíṣà ò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ yan iṣẹ́ fún mi. Ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́. Ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń ní ká máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀! Mo bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n máa ń dé. Aago méje àárọ̀. A ti fìpàdé sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni méjì tó ń kíra wọn níbẹ̀, ta ló máa pè é níṣẹ́?